Ilẹ̀kùn Apá Òsì

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Ìyá Àgbà ti kú, ara tù mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ-ọmọ fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún kọ ọ́ padà, torí pé òun gan-an ni òótọ́. Mo sunkún o. Nígbà tí mo délé, mo sunkún débi pé ìyá mi gba ife omi lọ́wọ́ mi kó má baà bọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹkún yẹn, nǹkan kan rọ̀ nínú àyà mi, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ẹrù kalẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó fà á, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n má baà rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀, tàbí pé yunifásítì tí mo lọ ti sọ ọkàn mi di òkúta.

Ìyá Sulé ni gbogbo àdúgbò wa ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin, ń pè é, nítorí Sulé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni àkọ́bí rẹ̀. Ọkà bàbà àti àgbàdo ló ń tà ní ọjà Ìpàtá. Ó kéré lára, ohùn rẹ̀ sì tóbi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́, ẹ wo ìka rẹ̀. Kò sí ohun tó máa rà tí kò ní kọ́kọ́ fi ìka lù: ìkòkò, abọ́, igbá, ìdérí. Á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi egungun ìka lu nǹkan náà, á sì dákẹ́, á máa gbọ́. Tí mo bá ń wúkọ́ ní kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń lu àyà mi. Lọ́jọ́ kan ó lu ìkòkò kan tán, ó dá a padà fún ẹni tó ń tà á, inú sì bí onítọ̀hún.

"Ìyá, kí ni ìkòkò mi ṣe? Ibo lẹ ti rí i pé ó sán?"

"Mi ò rí nǹkan kan," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Mo lù ú, kò dáhùn."

Ohun kejì ni pé ẹnu rẹ̀ kì í sọ ohun tí kò tíì dé inú rẹ̀. Ó rọrùn láti yìn ín fún èyí ní báyìí tó ti lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti bá a gbé. Nígbà tí mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àṣekágbá, jìnnìjìnnì bò mí. Mo lọ bá a pé kó sọ fún mi pé màá yege. Gbogbo ilé ti sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, torí mo mọ̀ pé bó bá sọ ọ́, ọkàn mi á balẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé èmi ni mo máa máàkì ẹ̀ ni?"

"Ìyá Àgbà, ẹ ṣáà sọ pé màá pàásì."

"Mi ò mọ̀. Màá ṣàdúà. Èyí tí mo mọ̀ ni pé o ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ó dùn mí nígbà yẹn. Ìgbà tó yá ló yé mi pé ẹni tí kò lè fi irọ́ tù mí nínú, gbogbo ohun rere tó bá sọ fún mi ni mo lè gbé ara lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká ní ọjọ́ tí Bàbá Àgbà kú.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan. Bàbá Àgbà ní píkọ́ọ̀pù kan, ọkọ̀ àtijọ́ tí imú rẹ̀ gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó, tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Òun ló fi ń kó ọkà láti oko wa lápá Àfọ̀n wá sí Ìpàtá, tòun ti Ìyá Àgbà níwájú. Ìgbà tí gbogbo wa ṣì ń wakọ̀ lápá òsì ọ̀nà ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà, àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù. Òun kọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ koríko ló ń jókòó sí. Bí lọ́rí bá wà níwájú rẹ̀, kò lè rí bóyá nǹkan ń bọ̀ láti òdìkejì. Ìyá Àgbà, tó jókòó lápá òsì, ló ń rí i. Bó ṣe di ojú ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Á yọ orí síta lójú fèrèsé, gèlè rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ àwa tá a jókòó lórí àpò ọkà lẹ́yìn:

"Ẹ má tíì kọjá o! Tírélà ń bọ̀! Ẹ dúró... Ó yá, ẹ kọjá, ojú ọ̀nà mọ́!"

Ibi tí ìjà wà ni pé, tí oorun bá gbé Ìyá Àgbà lọ, Bàbá Àgbà kò ní jí i. Á kàn máa tẹ̀lé lọ́rí tó bá wà níwájú, bó ti wù kí lọ́rí náà máa wọ́ tó, títí wọ́n á fi wọ Ìlọrin. Wọ́n á débẹ̀, ọjà á ti kún, àwọn tó ń ta ọkà bíi tirẹ̀ á ti tà lọ. Ìyá Àgbà á fò sókè lójú oorun.

"Bàbá Sulé! Ẹ tún ti tẹ̀lé típà bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń tẹ̀lé ìyá ẹ̀!"

Bàbá Àgbà á rẹ́rìn-ín. Kò ní sọ nǹkan kan. Àìsọ-nǹkan yẹn ló ń bí Ìyá Àgbà nínú ju pípẹ́ dé ọjà lọ. Èèyàn tó gbà pé ohun gbogbo tó bá dára gbọ́dọ̀ dáhùn, ọkùnrin tí kì í dáhùn ni Ọlọ́run fún un. Ó sọ fún mi nígbà kan tí à ń fẹ́ ọkà pé, "Ká jà, ká parí ẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ń gbọ́ mi."

Ilẹ̀kùn apá òsì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ dípẹtà. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bí awọ ara tí omi gbóná dà sí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, irin abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń rún wómúwómú, ihò sì yọ. Tí òjò bá ń rọ̀, omi pupa á máa ṣàn sí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì-bítà kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà wò. Bàbá Àgbà, tó máa ń tún gbogbo ibi yòókù lára ọkọ̀ náà ṣe, kọ̀ jálẹ̀ lórí ilẹ̀kùn yìí nìkan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. "Fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún mi," ìyẹn ni gbogbo ohun tó máa ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti oko dé nínú òjò. Mo wà nílé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, mò ń retí kí ìjọba pè mí síṣẹ́. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé etí ìró rẹ̀ sókè. Ìró funfun ni, ìpẹtà ti yí i padà di àwọ̀ èèpẹ̀.

"Mi ò ní forí jì yín lórí ilẹ̀kùn yìí, Bàbá Sulé. Ẹ gbọ́ o! Mi ò ní forí jì yín!"

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ó bu omi sí kẹ́tù, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kí ìrun Alásárì. Kò padà wá. Wọ́n ní ó kírun tán, ó fara ti ògiri mọ́sáláṣí, gbogbo èèyàn rò pé tẹ̀súbáà ló ń fà.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe nílùú wa. Kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, Lèmọ́mù á béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé kí ẹni tí òkú bá ṣẹ̀ forí jì í. Ti aya sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé wá bá Ìyá Àgbà láàárín àwọn obìnrin.

"Ìyá, Lèmọ́mù ní kí n bi yín bóyá ẹ ti forí ji Bàbá."

Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ dákun. Wọ́n ń dúró."

"Sulé," Ìyá Àgbà gbójú sókè, ojú náà sì pọ́n, "ṣé o fẹ́ kí n parọ́ lórí òkú bàbá ẹ ni?"

Àwọn obìnrin pariwo. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu, òmíràn ń sọ pé, "Àstàgfúrúláì, ẹ má jẹ́ kí ayé gbọ́!" Mi ò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sọ fún Lèmọ́mù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, àwọn kan nínú ẹbí kì í kí Ìyá Àgbà délẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé ọkàn rẹ̀ le ni. Èmi tí mo wà nítòsí rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé ọkọ òun ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu òun, àti pé òun kò lè sọ ọ́ lásán kí Ọlọ́run má mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn láàárín wa nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́," ó sọ fún mi. "Mo ń wá ìdáríjì yẹn nínú mi láràárọ̀. Mi ò rí i."

Ó bọ́ sí tákàbà, ìyẹn ìjókòó opó, tí kò gbọ́dọ̀ fi ilé sílẹ̀ títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Ìkórè ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sì máa máa wa ọkọ̀ náà, nítorí náà ó fẹ́ gbé e lọ tún ṣe. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n pe páńẹ́ẹ̀lì-bítà wá sílé dípò, kó ṣe é nínú àgbàlá, lábẹ́ fèrèsé òun.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa wò ó ni, Ìyá?"

"Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Mọ́mọ́dù ló wá, láti ìtòsí Ọ̀fà Garage. Ọkùnrin oníkùn ńlá ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, èmi wà láàárín fèrèsé àti ọkọ̀. Mọ́mọ́dù kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn apá òsì, ó fi pọ́tì dí gbogbo ibi tó ti jẹ, ó fi sáńpépà ha á kó lè tẹ́jú, ó sì kun ún ní ọ̀dà búlúù. Ọkọ̀ náà ń dán. Àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó.

"Ìyá, ọkọ̀ yín ti di ìyàwó tuntun!" Mọ́mọ́dù pariwo sí fèrèsé.

"Àbẹ̀kẹ́," Ìyá Àgbà dáhùn, "lù ú fún mi."

Mo fi egungun ìka lu ara ọkọ̀ náà yí ká. Ibi tí irin bá le, á dún *kó*. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ó dún *pù*.

"Ibẹ̀ yẹn."

"Ìyá, ibẹ̀ dán bíi dígí!"

"Ó dán. Kò dáhùn."

Wọ́n ha á, pọ́tì bọ́ sílẹ̀ ní ègé ńlá, ìpẹtà sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Ojú kò ti Mọ́mọ́dù rárá. Ó ní ohun tí àwọn oníbàárà òun ń fẹ́ nìyẹn, wọ́n á ti ta ọkọ̀ kí ìpẹtà tó tún yọjú. Ṣùgbọ́n ó bọ́ṣọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gé gbogbo irin tó ti jẹrà kúrò títí tó fi dé ibi tó le, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ etí rẹ̀ kó funfun, ó jó irin tuntun mọ́ ọn, ó sì fi ọ̀dà pupa tẹ́ ẹ nínú àti lóde kó tó fi búlúù lé e. Bó bá ti parí ibì kan, màá lù ú, Ìyá Àgbà á sì dájọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé mo lu bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tó jẹ́ pé irin àtètèkọ́ṣe ni, kò sí ìpẹtà kankan níbẹ̀. Ó dún *pù*.

"Ibẹ̀ náà. Ẹ gé e."

Mo wò ó. Mọ́mọ́dù fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó ń sinmi.

"Ìyá Àgbà, kì í ṣe ìpẹtà o. Ikùn Mọ́mọ́dù ló wà lára ẹ̀."

Ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì: "Ẹ bá mi fi sáńpépà ha òun náà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú àgbàlá yẹn láti ìgbà ìsìnkú nìyẹn. Mọ́mọ́dù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Ó wá ku ilẹ̀kùn apá òsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fà sẹ́yìn, torí pé bàbá rẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà ní kí n lù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tó ti jẹ, mo lọ sókè. *Pù, pù, pù.* Kò dáhùn níbì kankan, títí kan òkè, níbi tí irin rẹ̀ ṣì le. Mọ́mọ́dù fọwọ́ ara rẹ̀ lù ú.

"Eléyìí ò yé mi o. Ìpẹtà ò dé òkè yìí. Kí ló pa ohùn ẹ̀?"

Ó tú ìbòrí inú ilẹ̀kùn náà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa òwú jáde. Òwú tútù ni, ó ti dúdú, ó ń rùn. Ó fà á, ó fà á, ó di òkìtì nílẹ̀. Èyí tó jáde kẹ́yìn ni aṣọ tí òwú náà ti wà tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ọwọ́ Ìyá Àgbà yọ láàárín kọ́tìnì, ó gbà á.

"Ìrọ̀rí Bàbá Sulé nìyí. Èmi ni mo rán an."

Gbogbo wa mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni Bàbá Àgbà ti ń ká láwàní rẹ̀ sábẹ́ orí sùn. Ó ní ìrọ̀rí ń dun òun lọ́rùn.

"Ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn máa pariwo ló ṣe èyí," ni Mọ́mọ́dù wí. Ó lọ tú ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ti Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó mì ín, ó sì ń dún *kàràkàrà*. "Ṣé ẹ rí i? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá nìkan ló fi òwú sí. Kò mọ̀ pé òwú á máa mu omi òjò. Òun ló jẹ irin náà láti inú wá."

"Ìdí tí kò fi jẹ́ ká ṣí i nìyẹn," ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ó ti mọ̀ pé òun lòun bà á jẹ́. Ojú ń tì í."

Ìyá Àgbà fa aṣọ ìrọ̀rí náà wọlé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò dà bíi pé àwa ló ń bá sọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Mo ní ariwo ilẹ̀kùn yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti oko. Kò dá mi lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn dákẹ́, mo rò pé ó dákẹ́ fúnra ẹ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ó gbọ́ mi."

Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè ṣe kí n má ṣàlàyé. "Ìyá Àgbà, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tó ń tẹ̀lé típà, ṣe ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ..."

"Àbẹ̀kẹ́, dákẹ́. Ó ti yé mi."

Ó ní kí n gbé kẹ́tù wá. A gbọ́ bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, omi ń dà sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sójú fèrèsé, ohùn rẹ̀ sì jáde bó ṣe máa ń jáde lójú ọ̀nà Àfọ̀n, tí gbogbo àgbàlá fi gbọ́.

"Bàbá Sulé, mo ti forí jì yín. Ó ti inú mi wá. Ẹ̀yin náà, ẹ forí jì mí." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Sulé, lọ sọ fún Lèmọ́mù."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò dúró wọ bàtà.

Mọ́mọ́dù ṣe ilẹ̀kùn náà tán, ó lù ú fúnra rẹ̀, ó sì dún dáadáa. Ó wá béèrè bóyá kí òun fi fóòmù sínú rẹ̀ kó má baà máa pariwo, pé fóòmù tòun kò ní mu omi.

"Mọ́mọ́dù, má fi nǹkan kan sí i," Ìyá Àgbà sọ. "Jẹ́ kó máa pariwo."

Nígbà tó jáde tákàbà, ó padà sí ìjókòó rẹ̀ lápá òsì. Kò sùn lọ́nà oko mọ́ láé. Ó sì mú ìwà kan jáde tí àwọn aládùúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó bi í bóyá ohun kan kù láàárín wọn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìpàtá, Mọ́mọ́dù, ìyàwó ilé, àlejò. Ìgbà tí mo ríṣẹ́, tí mò ń lọ, ó sìn mí dé Ọ̀fà Garage. Mo ti wọkọ̀, dírẹ́bà ń fọn fèrè, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ!" ni dírẹ́bà ń sọ.

"Ìwọ náà, dúró. Àbẹ̀kẹ́, ǹjẹ́ nǹkan kù láàárín wa?"

"Kò sí nǹkan, Ìyá Àgbà."

Ó na ọwọ́ wọlé, ó fi ìka lu àyà mi, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò wá. Ojú tì mí díẹ̀, inú mi sì dùn.

"Ó dáhùn," ló wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyẹn ni ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí ara fi tù mí? Èmi tí mo máa ń rò ó pé ohun tó burú jù ni mo sọ fún gbogbo èèyàn, tí mo máa ń ta jí láti ro ohun tí mo gbàgbé láti sọ, kò sí nǹkan kan tí mo ní láti rò lórí tirẹ̀. Ó ti bi mí, mo ti dáhùn. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí Lèmọ́mù ní kí wọ́n béèrè nílé bóyá a ti forí jì í, ṣe ni gbogbo èèyàn fèsì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó wá béèrè kò fi gbọ́ ti ẹnì kankan. Ohùn Mọ́mọ́dù ló ga jù.

Lẹ́yìn àdúà tí a ṣe fún Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n bá òun dé oko lọ gbé ọkà. Mo jókòó lápá òsì. Kò sí ẹlòmíràn tó máa jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ń dún *kàràkàrà* létí mi, ọ̀dà búlúù rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò wú níbì kankan. A kọjá ìgboro tán, a bá típà kan tó ru yanrìn níwájú, ó ń wọ́.

"Àbẹ̀kẹ́," ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ, kò wojú mi, "bá mi wò ó."

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ṣì í wò ńkọ́? Mo yọ orí síta. Atẹ́gùn gbá mi lójú, gèlè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Mo wò ó, mo tún un wò. Ọ̀nà náà gùn lọ bẹẹrẹ, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ẹ kọjá, Bàbá! Ojú ọ̀nà mọ́!"